Igi Tí Ìyá Gbìn Lẹ́yìn Ikú Dókítà

Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn sanwó kó tó wọ ilé tí wọ́n ti bí i, ẹ̀rín ló yẹ kó fi rín. Kògbà ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síwájú fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi báàgì há abíyá, ó tẹjú mọ́ ọmọbìnrin tó jókòó sínú ibẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibi tó o jókòó sí yẹn, bàtà la máa ń kó síbẹ̀. Ṣé èmi ló yẹ kí n sanwó fún ẹ, àbí ìwọ ló yẹ kó o sanwó fún mi?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi ọ̀pá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti yọ owó kó tó sọ̀rọ̀ tán. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti kékeré. Bí àbúrò bá ti dáná sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni yóò sáré wá omi.

"Tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọmọ mi. Má bínú."

"Kí ló kàn án tó fi máa bínú? Èmi ni inú ń bí."

Kògbà kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ìyá wọn ló fi pè é nígbà tó ṣì ń rákò, nítorí bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, kò gbà. Bí wọ́n bá gbé e pọ̀n, kò gbà. Orúkọ náà bá a délé ìwé, ó bá a délé ọkọ, ó sì bá a dé ilé ìwòsàn tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn dókítà ibẹ̀ a máa yọjú wò bóyá òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ ọwọ́ dé, tí gbogbo ènìyàn wá iṣan tí wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́ tì, Kògbà náà ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Títí di òní tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ó lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwọ awò ojú.

Bàbá wọn ni Dókítà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ìta. Òun ló dúró ti ìlú nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn jà, tí àwọn dókítà yòókù di ẹrù wọn sálọ. Nígbà tó kú, ìlú sunkún, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé inú ilé náà lẹ́yìn ìyẹn títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Nígbà tí òun náà kú, Ẹ̀gbọ́n buwọ́ lùwé pé kí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ di ibi tí àwọn ènìyàn yóò máa wá wò. Kògbà ní òun ò fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

Ohun tó gbé e dé lónìí ni ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù lánàá. Wọ́n ti ń kí ara wọn pé ó dàárọ̀ nígbà tí bàbá àgbàlagbà yìí ní, "Àní mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé igi ọsàn wẹ́wẹ́ Màámi. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀ láyé Bàámi." Ó rò pé òun rọra sọ ọ́. Kí tíì àárọ̀ rẹ̀ tó tutù, Kògbà ti ń gbá ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ wọ bàtà yín."

"Ṣé ká lọ dágbére fún un ni?"

"Ẹ wọ bàtà yín ná, Ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin tó ń ṣe alábòójútó ilé náà fúnra rẹ̀ ló mú wọn káàkiri. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ awò ojú, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. Tọkọtaya kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn tẹ̀ lé wọn. Alábòójútó ò mọ Kògbà rí, ṣùgbọ́n ó mọ Ẹ̀gbọ́n, ó sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Kògbà rí i pé ó kúnlẹ̀. Ó wù ú kí ọmọ náà jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́, kí inú tó ń bí i lè rí ibi bà sí.

Wọ́n wọ pálọ̀. Àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbi tí wọ́n máa ń wà, àwòrán Dókítà wà lórí ògiri, aago ńlá dúró ní igun, wọn ò sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Wọ́n ta okùn pupa yí gbogbo rẹ̀ ká.

"Ilé yìí dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Dókítà kú," ni alábòójútó wí. "Gbogbo ohun tó dé lẹ́yìn ọjọ́ náà, a ti kó o kúrò, kí àlejò lè rí ojúlówó."

"Tábìlì ìlọṣọ ńkọ́?" ni Kògbà bi í.

"Ẹ̀n, Mà?"

"Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé yìí. Ojú ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o wà lórí rẹ̀ méjì. Èmi ni mo fà á, wọ́n sì gbá mi létí."

Alábòójútó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn á ti dé lẹ́yìn àsìkò náà, Mà."

"Àsìkò wo?"

"Àsìkò Dókítà."

"Àsìkò ìyá mi ńkọ́? Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n wà nígbà yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá tọ́ ọ lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tọkọtaya ń wo àjà bí ẹni pé àwòrán wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀. Òkìkí Dókítà kàn, ṣùgbọ́n òkìkí kì í yó ọmọ. Àwọn tó wò láìgbowó ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn wá, wọ́n jókòó sórí àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, wọ́n ní Ọlọ́run á tu opó nínú, wọ́n sì lọ. Opó náà wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yí igun òpópónà. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ta okùn láti ògiri kan dé èkejì, ó sì di alágbàfọ̀. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn lọ́yà, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ̀, tó ń rẹ sínú sítáàṣì, tó ń lọ̀. Àwọn ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti ń bá a mu tíì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wá gbé aṣọ wọn. Ojú ò tì í. Ó ní ẹni tí ojú bá ń tì ni kó máa fọ aṣọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti oòrùn ni òògùn rẹ̀ fún àbàwọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ló máa ń jókòó sí tó ń fún ọsàn, ibẹ̀ náà ló ń da kóró rẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú kóró náà hù. Ó fi omi ọṣẹ tó ṣẹ́kù bomi rin ín, àwọn aládùúgbò ní yóò kú. Kò kú. Agídí tó wà nínú ilé náà, ó dà bíi pé ó ran igi.

Láti fèrèsé pálọ̀, wọ́n rí ọgbà. Ó dára, irọ́ ò sí níbẹ̀. Wọ́n gbin òdòdó bí wọ́n ṣe ń gbìn ín láyé ijọ́un, wọ́n gé ewé ọgbà gún régé, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà. Okùn ìsáṣọ ti lọ, ẹ̀rọ omi ti lọ. Igi ọsàn nìkan ló kù ní igun, èso kún orí rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì so àkísà pupa mọ́ ọn nídìí láti fi sàmì pé wọ́n máa gé e. Olùtọ́jú ọgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pọ́n ayùn.

"Òní ni?" ni Kògbà bèèrè.

"Bí àlejò bá ti dín kù díẹ̀, Mà." Alábòójútó bọ́ awò ojú, ó nù ún. "Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ló pinnu pé kí ọgbà náà bá ilé mu."

"Kò dùn mí. Inú ló ń bí mi. Bó bá dùn mí ni, ilé ni mi ò bá jókòó sí kí n máa sunkún."

"Kògbà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "igi ni."

Ó yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, igi yẹn ló rán yín nílé ìwé."

Bàbá àgbàlagbà náà wolẹ̀. Òótọ́ ni. Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ni ìyá wọn fọ̀ tí wọ́n fi kàwé, àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n ní kó kín ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ni Kògbà pè é nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó buwọ́ lùwé. Kò tíì dárí jì í pátápátá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀tọ̀.

Yàrá ìkàwé Dókítà ni wọ́n wọ̀ kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló kú sí, lẹ́nu iṣẹ́. Tábìlì ńlá wà níbẹ̀, gègé ìkọ̀wé wà lórí rẹ̀, àti ìgò yíǹkì.

"A rọ yíǹkì tuntun sínú ìgò," ni alábòójútó wí, inú rẹ̀ sì ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, "kó lè dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni." Ó na ọwọ́ sí kóòtù funfun kan tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí ni kóòtù tí Dókítà wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Bó ṣe wà lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe funfun."

Kògbà àti Ẹ̀gbọ́n wo ara wọn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti wo ara wọn báyẹn kẹ́yìn.

"Bó ṣe wà gan-an?" ni Kògbà tún bèèrè.

"Gan-an, Mà. A kọ ọ́ sára káàdì yìí."

"Ó dáa. Gbọ́ mi, ọmọ mi. Orí tábìlì yìí ni Bàámi dojú bolẹ̀ sí. Apá wọn gbá ìgò yíǹkì. Nígbà tí wọ́n bọ́ kóòtù yẹn lọ́rùn wọn, láti àyà dé ìsàlẹ̀, dúdú ló dú. Àwọn kan ní kí Màámi jó o. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e sin mọ́ Bàámi. Màámi ká a, wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, wọn ò fọ̀ ọ́, wọn ò sì jó o. Ó wà níbẹ̀ títí igi tó wà níta yẹn fi so. Gbogbo àkọ́so rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kóòtù yẹn ni wọ́n fún un sí. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí koríko, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, 'Ikú mú ọkọ mi lọ. Kò ní fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún mi kí n máa ṣọ́ ọ.'"

Obìnrin tó gbé kámẹ́rà fọwọ́ bo ẹnu.

"Mi ò mọ̀, Mà," ni alábòójútó wí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ lóòótọ́. "A lè tún káàdì kọ."

"Káàdì kọ́ ni mo wá bá. Ṣé ẹ ní ohun tó dé lẹ́yìn ikú Dókítà ò gbọdọ̀ wà nílé yìí? Fífunfun tó wà lára kóòtù yìí, ẹ̀yìn ikú Dókítà ló dé. Igi yẹn ló gbé e wá. Bí igi bá máa lọ, kí fífunfun náà máa lọ. Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá yíǹkì padà."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn pupa bí ẹni gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro ilé ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti mú ìgò, ó ti ṣí i, ó ti gbé e sókè kóòtù.

"Mà! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, Màmá!"

"Má pariwo. O fẹ́ ojúlówó, mo fẹ́ fún ẹ ní ojúlówó."

Alábòójútó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ènìyàn ló máa ń yíjú sí Ẹ̀gbọ́n bí Kògbà bá ti bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀."

Bàbá àgbàlagbà náà dúró. Ó wo àga, ó wo tábìlì. Òun ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìí lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣì wọ ṣòkòtò péńpé, tí wọ́n ní kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá jẹun. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí, àní títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó ti buwọ́ lu ìwé ilé náà kíákíá nítorí pé kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn yàrá yìí tún jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

"Dà á," ló wí.

"Bàbá!"

"Mo ní kó dà á. Mo wà níbẹ̀. Ó dúdú. Ìyá wa ló sọ ọ́ di funfun, ẹ sì ti fi funfun yẹn yin ẹlòmíràn." Ó fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ wọn ló ń tì mí lójú tẹ́lẹ̀. Kò tì mí mọ́. Dà á, àbúrò mi."

Kògbà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun kan rọ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó ti le láti ọjọ́ yìí wá. Ó tún yíjú sí alábòójútó. "O gbọ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe ìgbìmọ̀. A máa jókòó, a máa jíròrò ẹ̀..."

Ìgbà yẹn ni yíǹkì kan kán.

Ẹyọ kan ni. Ó bọ́ sí àyà kóòtù, lókè àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ìta, wọ́n ń gbọ́ olùtọ́jú ọgbà tó ń pọ́n ayùn.

"Yéè," ni alábòójútó wí. Omi ti lé sí i lójú. "Mo gbé! Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn tó mọ̀ nípa aṣọ àtijọ́. Olú ìlú ni wọ́n wà."

Kògbà dé ìgò náà, ó gbé e padà sáyè rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Pè wọ́n. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, á ti gbẹ mọ́ ọn. Dúdú lo máa fi hàn wọ́n."

"Kí la máa ṣe báyìí?"

"Ìwọ lo ní igi ò wúlò."

Ẹ ò rí eré tí ọmọ obìnrin náà sá. Ó gba ọ̀nà ilé ìdáná já sí ọgbà, ó tẹ òdòdó ayé ijọ́un mọ́lẹ̀, ó ń ké pé, "Má gé e! Má gé e o! Gbé ayùn yẹn jù sílẹ̀!" Olùtọ́jú ọgbà rò pé ejò ni, ó fò dìde. Ìgbà tí àwọn arúgbó méjèèjì máa fi gbé kóòtù débẹ̀, alábòójútó ti kó ọsàn wẹ́wẹ́ sínú yẹ̀rì rẹ̀, ẹ̀gún igi sì ti ha á lápá.

Kògbà pàṣẹ bí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù. Ìwọ, lọ gbé bàsíà wá. Ìwọ, wá iyọ̀ lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń jẹun ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ máa gé ọsàn sí méjì. Ọkọ tó gbé kámẹ́rà lọ pọn omi, ìyàwó rẹ̀ bá wọn da iyọ̀. Alábòójútó ká apá aṣọ sókè, ó ń fún ọsàn, omi rẹ̀ ta sí i lójú awò, ta sí ojú ọgbẹ́ apá rẹ̀, ó ń ṣe "ẹ̀ẹ́ẹ̀!", kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó wá ohun tó máa fi nu ọwọ́ tì, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú àkísà pupa tó wà nídìí igi, ó fi nù ún.

Wọ́n tẹ́ kóòtù náà sórí koríko, àyà rẹ̀ sókè, níbi tí aṣọ gbogbo ìlú ti ń gbẹ nígbà kan. Àmì yíǹkì náà ti ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn.

"Ṣé ó máa lọ, Màmá?"

"Ó máa lọ. Àmọ́ kò ní lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa sá a, ẹ tún máa fọ̀ ọ́. Bí ọsàn tó wà lórí igi bá tán, ẹ dúró kó tún so."

"A ò lè ra ọsàn lọ́jà?"

Kògbà wo ojú ọmọ náà, kò ṣẹ́ ojú. "Gbìyànjú ẹ. Bí kóòtù bá di aláwọ̀ ewé, má wá mi wá."

Alábòójútó mí kanlẹ̀. Ó wo igi láti ìdí dé òkè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àna hàn. "Kí ni kí n wí fún ìgbìmọ̀?"

"Wí fún wọn pé ìyàwó Dókítà ní kí wọ́n má gé e."

Obìnrin tó gbé kámẹ́rà ti ń ya igi náà. "Ta ló gbìn ín gan-an?" ló bèèrè. Kò bi Kògbà, alábòójútó ló bi.

Alábòójútó gbójú sókè, ó gbé ohùn tó fi ń ṣàlàyé fún àlejò wọ̀. "Ìyàwó Dókítà ni. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, títí..." Ó dúró, ó wo Kògbà.

"Títí wọ́n fi kú," ni Kògbà wí. "Ó pẹ́ gan-an. Ẹ máa bọ̀, kí n fi ibi tí okùn wà hàn yín."

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni àwọn méjèèjì jáde. Ẹ̀gbọ́n ń rọra rìn, àpò rẹ̀ wú pẹ̀lú ọsàn tí ẹnikẹ́ni ò fún un. Wọ́n kọjá lára fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin inú ibẹ̀ dìde kí wọn. Nígbà tí wọ́n dé òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn, Ẹ̀gbọ́n dúró.

"Kògbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Yíǹkì tó kán yẹn. Ṣé ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n ni?"

Kògbà gba ọsàn kan nínú àpò rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ níwájú.

"Ìgbà wo lọ́wọ́ mi gbọ̀n rí?"